Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ní gbogbo oṣù Dìsẹ́ńbà ní ìlú Dallas yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń bá ara wa sọ lẹ́yìn ẹ̀kọ́: kí ni ká ṣe sí ọ̀ṣọ́ Kérésì tí àwọn ọmọ wa kéékèèké ń fi bébà ṣe ní ilé-ìwé ìjọba, tí wọ́n ń gbé bọ̀ wá s'ílé?

Ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ ọdún mẹ́rin á wọlé, góòmù á ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, á yọ ìràwọ̀ bébà jáde nínú báàgì, tàbí ẹ̀wọ̀n bébà pupa àti aláwọ̀ ewé. Inú rẹ̀ á máa dùn. Ẹlòmíràn nínú wa á gbà á, á wò ó, á ní, "Àwa kì í ṣe Kérésì nínú ilé yìí," á sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Ẹlòmíràn kò fẹ́ kí ọmọ òun sunkún, nítorí náà á lọ ra igi oníke, iná mèremère àti bọ́ọ̀lù dídán, á tò wọ́n sí pálọ̀ lóru, á sì ní ó ti parí. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì kò ṣe ohun tó yẹ. Ẹni àkọ́kọ́ sọ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ nù. Ẹnì kejì gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ọmọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò le. Ẹ má sọ bébà ọmọ nù. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ ṣe òmíràn, kí ẹ fi ohun tó jẹ́ tiwa ṣe é, kí ẹ sì máa pe orúkọ nǹkan bí ẹ ti ń ṣe é. Ọ̀ṣọ́ tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ilé lè di ẹ̀kọ́ ńlá, pàápàá ẹ̀wọ̀n bébà yẹn tí gbogbo wa ń fojú kékeré wò. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á dé ìparí kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.

Ìjà àgbà lórí ohun ọmọdé

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje kò mọ ìjà ẹ̀sìn. Ohun tó mọ̀ ni pé, "Èmi ni mo ṣe é." Bí a bá sọ ọ́ nù lójú rẹ̀, kò ní rò pé ẹ̀sìn ẹlòmíràn ni a kọ̀. Á rò pé òun ni a kọ̀. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, kò ní gbé e wálé mọ́. Á fi pamọ́ sí ilé-ìwé, tàbí kó jù ú sójú ọ̀nà kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Báyìí ni ọmọ ṣe ń kọ́ bí a ti ń ní ojú méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún òde. Àwa tí a ń pariwo ìwà, ìwà, ní gbogbo ìgbà, ṣé ìwà tí a fẹ́ kọ́ ọ nìyẹn?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Plano, ní àríwá Dallas níbí. Ní ọdún 2003, ọmọ ilé-ìwé kékeré kan gbé bírò tí wọ́n ṣe bí ọ̀pá súìtì Kérésì lọ sí àríyá ìparí ọdún ní kíláàsì rẹ̀. Káàdì tí wọ́n so mọ́ ọn ní ọ̀rọ̀ Jésù lára. Wọn ò jẹ́ kó pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ó di ọdún 2011 kí gbogbo adájọ́ kóòtù Fifth Circuit tó jókòó lé e lórí. Wọ́n ní ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní a kò lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé náà. Ó ju ọdún méje lọ. Ọmọ tó gbé bírò lọ sí àríyá ti dàgbà kọjá àríyá kí àgbà tó parí ìjà. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó.

Ní ọdún 2013, ìjọba Texas ṣe òfin kan tí àwọn ènìyàn ń pè ní òfin "Merry Christmas". Òfin náà gba ilé-ìwé ìjọba láàyè láti kọ́ àwọn ọmọ nípa àwọn ọdún ìgbà òtútù, kí wọ́n sì gbé àmì ọdún kalẹ̀, bí kò bá ti jẹ́ àmì ẹ̀sìn kan ṣoṣo ló dá wà níbẹ̀. Àmì ẹ̀sìn mìíràn, tàbí ohun tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn, gbọ́dọ̀ bá a rìn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má retí pé bébà wọ̀nyí yóò dáwọ́ dúró. Wọn óò máa bọ̀. Àwa náà kò sì ṣe aláìní ẹ̀tọ́. Kóòtù Fifth Circuit kan náà ló dá José Merced láre ní ọdún 2009. Olórìṣà ni, ó ń gbé ní Euless, láàárín Dallas àti Fort Worth, ìlú náà sì fẹ́ dí i lọ́wọ́ láti fi ẹran rúbọ nínú ilé rẹ̀. Òfin ti ṣe tirẹ̀. Èyí tó kù wà nínú pálọ̀ wa.

Ọ̀ṣọ́ kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa

Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọwọ́ òyìnbó ni a ti yá ṣíṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọdún. Rárá o. Kí ni màrìwò? Ṣebí imọ̀ ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni, tí a ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí a fi kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ojúbọ àti igbó òrìṣà, tí ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ibi ọ̀wọ̀ l'òun dé. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin tó ń sin Òrìṣà Ìkirè máa ń fi àwọ̀ tí wọ́n rí láti inú ilẹ̀ àti ewé kun ògiri ojúbọ rẹ̀ nígbà ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Moyo Okediji, tó kọ́ni ní Yunifásítì Texas ní Austin, ti kọ̀wé lórí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí. Àwọn olórìṣà tó ti Kúbà wá sáàárín wa náà ńkọ́? Bí wọ́n bá ń ṣe ti Ṣàngó ní ọjọ́ 4 oṣù Dìsẹ́ńbà, tí wọ́n ń ṣe ti Babalúayé ní ọjọ́ 17, ọjọ́ Santa Bárbara àti San Lázaro tí àwọn àgbà fi bo òrìṣà mọ́lẹ̀ nígbà ìnira, ẹ wo aṣọ tí wọ́n ń ta sára ògiri, ẹ wo èso tí wọ́n ń tò sílẹ̀. Ṣé ọ̀ṣọ́ kọ́ nìyẹn?

Ọ̀ṣọ́ Kérésì fúnra rẹ̀, ọwọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan láti ọdún 1605 sọ pé ní Strasbourg, àwọn ènìyàn ń gbé igi sínú ilé, wọ́n sì ń so òdòdó tí wọ́n fi bébà gé, àti àpù, àti bisikíìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn. Bọ́ọ̀lù gíláàsì wá láti Lauscha ní Jámánì, níbi tí àwọn ìdílé ti ń fẹ́ gíláàsì nínú ilé wọn, tọmọdé tàgbà. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni F. W. Woolworth bẹ̀rẹ̀ sí rà wọ́n wá tà ní Amẹ́ríkà. Ní Burkina Faso, àwọn ọmọ máa ń fi amọ̀ mọ ilé kékeré síwájú ilé wọn nígbà Kérésì, láti fi ibi tí a bí Jésù sí hàn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, imọ̀ ọ̀pẹ ni ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ fi ń ṣe ẹnu ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́. Ní Oak Cliff níbí, àwọn aládùúgbò wa tó ti Mẹ́síkò wá ń gé bébà aláràbarà tí wọ́n ń pè ní papel picado, wọ́n ń ta á sókè fún ọdún tiwọn. Gbogbo wọn mú ohun tó wà nítòsí, wọ́n fi ọwọ́ tún un ṣe.

Àwọn olówó ìlú yìí pàápàá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní Highland Park, igi ńlá kan wà ní òpópónà Armstrong tí wọ́n ń tan iná sí lára ní Dìsẹ́ńbà láti ọdún 1927. Igi pecan ni, igi tí ilẹ̀ Texas fúnra rẹ̀ bí, kì í ṣe igi ilẹ̀ Jámánì. Igi náà ṣàìsàn, wọ́n sì gé e ní ọdún 2019. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́, igi tó wà níwájú wọn ni wọ́n lò.

Ohun tó yí padà ni owó. Neiman Marcus ti ń tẹ ìwé ọjà Kérésì rẹ̀ ní Dallas láti ọdún 1926. Michaels, tó ń ta bébà, góòmù àti gbogbo ohun iṣẹ́ ọwọ́, Dallas ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1973, Irving tó múlé tì wá sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Mi ò bá ẹni tó ń tajà jà. Èmi náà ń ra góòmù. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé lónìí, ẹ̀rọ ti gé e, ẹ̀rọ ti kùn ún, ó ku kí ọmọ lẹ̀ ẹ́. Kí ló kọ́ níbẹ̀, bí kò ṣe bí a ti ń ya ọ̀rá?

Ẹ̀wọ̀n orúkọ

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ẹ̀wọ̀n bébà. Òun ni ọ̀ṣọ́ tó rọrùn jù. Ẹ gé bébà aláwọ̀ sí ọ̀já tó fẹ̀ tó ìka méjì, tó gùn tó ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ ká ọ̀kan róbótó bí òrùka, ẹ fi góòmù lẹ̀ ẹ́. Ẹ ki èkejì bọ inú rẹ̀, ẹ lẹ òun náà. Ẹ máa bá a lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè ká a. Ọmọ ọdún márùn-ún lè gé e fúnra rẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ní, "Àwa ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, kí ni a fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n ṣe nínú ilé wa?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò fi ṣeré. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi de àwọn baba wa. Ẹ̀wọ̀n náà ni à ń pe ibi tí wọ́n ń ti àwọn ọmọkùnrin wa mọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀wọ̀n tó di ohun ìdè ẹrú, ẹ̀wọ̀n ni ìtàn wa sọ pé wọ́n gbà sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run wá sí Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí wọ́n wá dá ilẹ̀ ayé. Ẹ̀wọ̀n ló so wá mọ́ ibi tí a ti wá. Ìyẹn ni kí ẹ sọ fún ọmọ nígbà tó bá ń lẹ bébà. Ẹ ní, òrùka kan ṣoṣo kò lè dé ibì kankan, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá di èkejì mú, wọ́n lè ti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé.

Ká wá kọ orúkọ sí i. Òrùka kan, orúkọ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, bàbá àti ìyá. Lẹ́yìn wọn, àwọn tó bí bàbá àti ìyá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dí, nítorí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ kọjá ibẹ̀. Ta ló mọ̀? Màmá àgbà ni. Màmá àgbà tó ń lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi ní South Dallas lọ́jọọjọ́ Sunday, tó ń gbàdúrà kí a padà sọ́dọ̀ Jésù, tí àwọn kan nínú wa kì í fẹ́ lọ kí ní Dìsẹ́ńbà nítorí igi Kérésì tó wà ní pálọ̀ rẹ̀. Òun ló mọ orúkọ ìyá ìyá rẹ̀. Òun ló mọ ẹni tó ti Marshall wá, ẹni tó ti Corsicana wá, ẹni tó sá kúrò ní Louisiana lóru. Bó bá lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, orúkọ wọ̀nyẹn bá a lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé bébà àti góòmù dání. Ẹ má purọ́ fún un. Ẹ sọ pé, "Mà, a fẹ́ mọ orúkọ àwọn tó ti lọ, kí àwọn ọmọ lè máa pè wọ́n." Kí ọmọ wá bi í pé, "Màmá àgbà, ta ló bí yín? Ta ló bí ẹni tó bí yín?" Mi ò tíì rí àgbà tí inú rẹ̀ kò dùn sí ìbéèrè yẹn, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe. Kí ẹ ṣe ẹ̀wọ̀n méjì. Kí Màmá àgbà fi ọ̀kan kọ́ sára igi tirẹ̀, kí ẹ gbé èkejì wálé. Orúkọ kan náà ló wà lára méjèèjì. Àwọn tí ẹ̀sìn ń yà nípá, ẹ̀jẹ̀ kò yà wọ́n.

Ẹ óò dé ibi tí orúkọ á ti tán. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ka àwọn ènìyàn ní 1850 àti 1860, wọn kò kọ orúkọ àwọn tó wà lóko ẹrú sílẹ̀. Orúkọ olówó wọn ni wọ́n kọ, wọ́n wá to ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara sábẹ́ rẹ̀. Ní Galveston, ní ọjọ́ 19 oṣù Júùnù ọdún 1865, ni wọ́n kéde òmìnira fún àwọn tiwa ní Texas. Ó di ìkànìyàn ọdún 1870 kí orúkọ ọ̀pọ̀ wọn tó wọ ìwé ìjọba. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ibẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n máa dúró sí.

Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ẹ mú bébà funfun, ẹ fi ṣe òrùka tí kò ní orúkọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìparí. Ẹ sọ fún ọmọ pé, "Èyí ni ti àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn. Àwọn mọ̀ wá."

Ní Dallas níbí, a mọ ohun tí àìlórúkọ jẹ́. Freedman's Cemetery, ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ti bẹ̀rẹ̀ sí sin òkú wọn ní 1869, títì Central Expressway gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú títì náà fẹ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, òkú tó lé ní 1,100 ni wọ́n hú, kí wọ́n tó tún wọn sin. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn, a kò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọmọ tó ti lẹ òrùka funfun mọ́ ẹ̀wọ̀n nílé, bí ẹ bá mú un dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, yóò mọ ohun tó ń wò.

Iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀nyí náà dára fún ọmọ kékeré.

Èkíní, màrìwò bébà. Ọ̀pẹ tiwa kò lè hù ní gbangba ní Dallas, òtútù á pa á. Ẹ lo ràfíà, tàbí bébà aláwọ̀ ewé. Ẹ tẹ́ bébà gígùn, kí ọmọ fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó má gé e já. Iṣẹ́ dáadáa ni fún ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń kọ́ bí a ti ń di sísọ́ọ̀sì mú. Ẹ kọ́ ọ sókè ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ sọ fún un pé àwòrán màrìwò ni èyí, kì í ṣe màrìwò tí a fi bọ òrìṣà. Bí a bá sọ fún ọmọ, á mọ ìyàtọ̀.

Èkejì, àdìrẹ bébà. Àwọn ìyá aládìrẹ ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo máa ń fi ẹ̀kọ tàbí láfún ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Ọmọ lè rí irú rẹ̀ lórí bébà. Ẹ fún un ní àbẹ́là funfun tí a kò tàn, kó fi ya ìlà àti àmì tótòtó sórí bébà funfun, kó fi agbára tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Kó wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà búlúù olómi sórí rẹ̀. Ibi tí àbẹ́là bá kàn, omi á sá fún un, ọnà á sì yọ. Ẹ gé e ní ìràwọ̀, ní òṣùpá, ní ẹyẹ.

Ẹ̀kẹta, ọ̀ṣọ́ ìyẹ̀fun oníyọ̀. Ìyẹ̀fun àlìkámà ife 2, iyọ̀ ife 1, omi ife 1, ẹ máa da omi náà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ pò ó títí á fi le bí ti búrẹ́dì. Ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kí ọmọ tẹ owó ẹyọ, èèpo pecan tàbí ewé mọ́ ọn kó gba àmì, kí ẹ sì dá ihò okùn sí i. Ẹ fi sínú ofìnì tí iná rẹ̀ wà ní 250, fún bíi wákàtí méjì, títí á fi gbẹ dé inú. Kì í ṣe jíjẹ o. Iyọ̀ inú rẹ̀ lè pa ajá, ẹ gbé e sókè.

Ìkìlọ̀ díẹ̀. Owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe ohun ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Òfin Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n ta ohun ìṣeré tó ní nǹkan wẹ́wẹ́ fún wọn. Bí nǹkan bá lè gba inú páálí róbótó tó wà láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá, ó lè há ọmọ lọ́fun. Ẹ má tan àbẹ́là nítòsí bébà, ẹ má sì so bébà mọ́ gílóòbù tó ń gbóná. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a ti fi ṣe orò kì í ṣe ohun iṣẹ́ ọwọ́, ẹ ra òmíràn fún àwọn ọmọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ máa sọ Yorùbá, ìbáà jẹ́ díẹ̀. Gé e. Ká a. Lẹ̀ ẹ́. Mú un wá. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Àwa tí a fi ìwé kọ́ èdè yìí l'ágbà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ojú kà lè sá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ bá ti ṣe kì í tètè kúrò lórí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ohun tí àwọn kan á wí

Àwọn kan á ní, "Ó fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé mú Kérésì wọlé." Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kérésì jẹ́ ọdún ìbí Jésù, ẹni tó gbà á gbọ́ ló ni í. Ẹ má yá a, ẹ má sì fi ṣe ẹ̀sín lójú ọmọ. Ọ̀ṣọ́ ilé tiwa ni mo ní ká ṣe, ní àkókò tí gbogbo ìlú ń ṣe tiwọn. Àwọn ènìyàn wa ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tí Maulana Karenga dá Kwanzaa sílẹ̀ ní 1966, ẹní, àgbàdo àti àbẹ́là méje ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹ̀bùn jẹ́ ohun tí a fi ọwọ́ ṣe bó bá ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ wa ti lọ sí Kwanzaafest tí Kọmíṣọ́nà John Wiley Price dá sílẹ̀ ní Fair Park. Ẹni tó ń ṣe Kwanzaa lè fi ẹ̀wọ̀n orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ 26 oṣù Dìsẹ́ńbà títí di ọjọ́ kìíní ọdún tuntun. Kò lòdì síra.

Àwọn kan á ní, "A ò ní àyè." Òótọ́ ni. Dìsẹ́ńbà ni oṣù tí wọ́n ń ṣe àfikún iṣẹ́ jù ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí àti ní pápákọ̀ òfúrufú, ẹlòmíràn á sì wọ iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ṣé ẹ lè rí ogún ìṣẹ́jú? Òrùka márùn-ún lálẹ́ kan tó. Ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ohun tí a ń ṣe tán lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn kan á ní, "Kò ní rẹwà." Á wọ́ o, góòmù á sì yọ. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òbí tó bá dìde lóru lọ tún iṣẹ́ ọmọ ṣe, ohun tó ń sọ fún ọmọ náà ni pé ọwọ́ rẹ̀ kò dára tó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ tiwa ni láti gun àga kọ́ ọ sókè. Ṣíṣe jẹ́ tiwọn.

Ní ìparí, àbá mi fún ilé-ẹ̀kọ́ wa nìyí. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà yìí, kí a má ra ọ̀ṣọ́ kankan fún gbọ̀ngàn wa. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ wá. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde, kó ka orúkọ tó wà lára tirẹ̀ sókè, kí gbogbo wa dáhùn. Lẹ́yìn náà, kí a fi òrùka funfun ilé kan so ẹ̀wọ̀n rẹ̀ mọ́ ti ilé kejì, títí á fi yí gbọ̀ngàn ká. Níbi tí a kò ti mọ orúkọ, ibẹ̀ ni ká ti di ara wa mú. Ta ló mọ̀ bóyá inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà? Ta ló mọ̀ bóyá ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, tí wọ́n tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Tí ọdún bá tán, kí ilé kọ̀ọ̀kan ká tirẹ̀, kó kọ ọdún sí i, kó tọ́jú rẹ̀ sínú páálí fún ọdún tó ń bọ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí orúkọ àwọn tó ti lọ má parun lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Kí ọwọ́ kékeré wọ̀nyí dàgbà, kí wọ́n ṣe jù wá lọ. Àṣẹ.